Ẹni Tó Ń Dín Ara Kù, Tí Ìwọ̀n Wá Dúró Sójú Kan

  Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ mú ìwé rẹ̀ jáde, torí ọ̀rọ̀ òní ní ìṣirò díẹ̀ nínú. Kí ẹnì kan sì wá okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀, èyí tó gùn tó apá méjèèjì téèyàn bá nà wọ́n. A óò lò ó.

Nígbà kan a ti sọ̀rọ̀ níbí lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní táńsíọ̀n, a sì sọ̀rọ̀ lórí àtọ̀gbẹ. A sọ pé ẹni tó bá sanra jù, pàápàá tí ọ̀rá bá kó sí ikùn rẹ̀, àrùn méjèèjì yìí sún mọ́ ọn ju ẹlòmíràn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ránṣẹ́ padà pé àwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín ara kù. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń bi wá báyìí kì í ṣe bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ohun tí ẹ ń bi wá ni pé: "Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣubú lágbedeméjì. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, torí àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ń dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyálọ́jà kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ má wádìí orúkọ rẹ̀, mo kàn gbé e kalẹ̀ bí olùkọ́ ṣe ń gbé ìṣirò kalẹ̀ ni. Àkàrà ni ìyá yìí ń ta. Ó wọn kílò 92. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn, ó ga, wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n sì ní kó dín ara kù. Ìyá kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, torí ó ti rí aládùúgbò rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ gbé ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ó dín òróró inú ọbẹ̀ kù. Ó fi ọtí dídùn inú ìgò sílẹ̀ pátápátá. Kò gun zémíjàn láàárọ̀ mọ́, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sọ́jà. Ọ̀sẹ̀ kìíní, kílò méjì lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta, ààbọ̀ kílò lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku kílò 89. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìwọ̀n ò mira. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ìkẹfà, bákan náà. Ọ̀sẹ̀ keje ni ìsìnkú dé nínú ẹbí ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jẹ, tí wọ́n fi mu. Nígbà tó gun ìwọ̀n padà, kílò 90 àtààbọ̀ ló rí. Ó ní, "Háà, gbogbo ìyà tí mo jẹ yìí, lásán ni?" Ọjọ́ yẹn gan-an ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọtí dídùn.

Níbí ni kí olórí ẹgbẹ́ dá ọ̀rọ̀ dúró díẹ̀, kó bi àwọn tó jókòó léèrè: ta ló tan ìyá yìí jẹ, ìsìnkú ni àbí ìwọ̀n? Ẹ jẹ́ kí ẹni mẹ́ta dáhùn kí ẹ tó máa bá a lọ.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wo kílò méjì tó lọ ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ara wa máa ń tọ́jú díẹ̀ nínú ẹ̀kọ, iyán àti ṣúgà tí a jẹ sínú ẹ̀dọ̀ àti sínú iṣan, bí àgbẹ̀ ṣe ń kó àgbàdo sínú àká. Gíráàmù kan ohun tí a tọ́jú yìí máa ń di omi bíi gíráàmù mẹ́ta mú mọ́ra. Nígbà tí oúnjẹ bá dín kù, ara á kọ́kọ́ tú àká yẹn, omi rẹ̀ á sì bá ìtọ̀ jáde. Omi ló pọ̀ jù nínú kílò méjì yẹn. Ọ̀rá kì í yára lọ bẹ́ẹ̀. Ààbọ̀ kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ń retí lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe é dáadáa. Ẹni tó bá rò pé méjì-méjì ni yóò máa lọ, ó ti dá ìbànújẹ́ sílẹ̀ fún ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kílò kan àtààbọ̀ tó padà lẹ́yìn ìsìnkú ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Kí kílò kan ọ̀rá tó lè kún ara, èèyàn ní láti jẹ ju 7000 kàlórì lọ lórí èyí tí ara rẹ̀ ń lò. Kàlórì ni ohun tí wọ́n fi ń ka agbára inú oúnjẹ, bí a ṣe ń fi kílò ka ìwúwo. Obìnrin kan ń lo nǹkan bíi 2000 lóòjọ́. Nítorí náà, kí kílò kan àtààbọ̀ yẹn tó lè jẹ́ ọ̀rá, ìyá ní láti jẹ oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta tirẹ̀ tán, kó tún jẹ oúnjẹ ọjọ́ márùn-ún mìíràn lé e, láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà. Ikùn wo ló máa gba ìyẹn? Àká tó ti ṣófo ló tún kún, omi sì bá a wọlé. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ òde àti kúbù tí wọ́n fọ́ sínú rẹ̀ tún di omi mìíràn mú. Bó bá padà sí bó ṣe ń jẹun tẹ́lẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ á lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìyá kò dúró kó rí i.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹ má gun ìwọ̀n lójoojúmọ́ bí ọkàn yín bá máa ń tètè bàjẹ́. Ìwọ̀n èèyàn kan náà lè yàtọ̀ ní kílò kan sí méjì láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí omi, nítorí iyọ̀, nítorí ìgbẹ́ tí kò tíì jáde, nítorí nǹkan oṣù obìnrin. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó, ní ọjọ́ kan náà, láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun, lórí ìwọ̀n kan náà. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àgbàdo ní ọjà kò yẹ fún èyí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìwọ̀n fi dúró ló le jù láti fara dà. Ara tó fúyẹ́ kì í lo agbára tó ara tó wúwo. Ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan gòkè ò lè làágùn tó ẹni tó gbé méjì. Oúnjẹ tó ń dín ìyá kù nígbà tó wà ní 92, bó bá dé 89, díẹ̀díẹ̀ ló ń di oúnjẹ tó kàn ń gbé e dúró. Ara fúnra rẹ̀ tún ń jà. Kò mọ̀ pé dókítà ló ní ká dín kù, ó rò pé ìyàn ti mú ni. Nítorí náà ebi á máa pa èèyàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kì í ṣe ọ̀kánjúwà, ara ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ó tún ku ọ̀kan tí a kì í fẹ́ gbọ́. Ọwọ́ tó ń da òróró máa ń gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ìyá fi ṣíbí wọn òróró. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó ti ń da á láti ẹnu ìgò. Ṣíbí ọbẹ̀ kan òróró ní nǹkan bíi 120 kàlórì nínú, èyí kò jìnnà sí ohun tí ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ń jó. Ṣíbí kan péré ló lè jẹ ìrìn àárọ̀ rẹ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń din àkàrà, ó ń tọ́ ọ wò bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó. Ó tọ́ márùn-ún wò kó tó di aago mẹ́jọ, kò sì ka ọ̀kan mọ́ oúnjẹ. Ẹ̀yin tó ń ta oúnjẹ, mo mọ̀ pé ẹ ń rẹ́rìn-ín báyìí.

Nítorí náà, bí ìwọ̀n bá dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ má fi oúnjẹ sílẹ̀, ẹ má sì gba ààwẹ̀ lójijì. Ẹ padà sí ṣíbí yín. Ẹ fi ìwọ̀nba ìṣẹ́jú kún ìrìn. Àjọ tó ń rí sí ìlera lágbàáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ohun tó ń mú èèmí yá díẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ márùn-ún nìyẹn. Ẹni tó bá ń roko ti ṣe é tán. Ẹni tó jókòó ti ọjà láti àárọ̀ dé alẹ́ kò tíì ṣe é, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó.

Okùn yẹn dà? Ẹ mú un wá. Ẹ fi ọwọ́ wá egungun ìhà tó kéré jù lọ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ wá orí egungun ìbàdí, ibi tó wà ní àárín méjèèjì ni kí ẹ fi okùn yí ká, lórí awọ ara, kì í ṣe lórí aṣọ. Ẹ mí jáde, ẹ má fa ikùn wọlé. Ibi tí okùn bá pàdé, ẹ ta á ní kókó, kí ẹ wá fi mítà télọ̀ wọn ọ́n. Fún obìnrin, bó bá ti ju sàǹtímítà 80 lọ, ewu ti ń bẹ̀rẹ̀, bó bá ju 88 lọ, ewu náà pọ̀. Fún ọkùnrin, 94 ni ìbẹ̀rẹ̀, 102 ni ibi tó ti pọ̀. Aboyún kò sí nínú èyí o, aboyún kì í dín ara kù. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún fi okùn yí ká, kí ẹ wo bóyá kókó ti kọjá ibi tó wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìwọ̀n máa ń dúró tí ikùn sì ń wọlé, pàápàá fún ẹni tó ń rìn. Ìró tó ń kúrú fún ìdí tẹ́lẹ̀ tó wá ń pé báyìí, ẹ̀rí nìyẹn náà.

Ohun kan wà tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ ìyá yìí. Ẹni tó bá dín márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ kù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ṣúgà inú rẹ̀ ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Kò dìgbà téèyàn bá di tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọmọge. Kí ni márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún 92? Kílò mẹ́rin àti gíráàmù 600. Ìyá ti dín mẹ́ta kù. Ohun tó kù kò tó kílò méjì. Ibi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀ ló ti yí padà, kò sì mọ̀, torí 70 ló fi sọ́kàn, ìwọ̀n tó wà nígbà tó ṣe ìgbéyàwó.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọtí dídùn tó lọ rà. Ní ọdún 1975, Peter Herman àti Deborah Mack ṣe ìdánwò kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn kan ní wàrà dídùn mu, wọn ò fún àwọn kan. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé áísìkírímù sílẹ̀ fún gbogbo wọn, pé kí wọ́n tọ́ ọ wò, kí wọ́n jẹ bó ṣe wù wọ́n. Ẹ̀yin náà á rò pé ẹni tó ti mu wàrà kò ní lè jẹ púpọ̀ mọ́. Fún àwọn tí kì í ṣọ́ oúnjẹ jẹ, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ, tí wọ́n sì ti mu wàrà, jẹ áísìkírímù ju àwọn tí kò mu nǹkan kan lọ. Ó dà bíi pé wọ́n sọ nínú ara wọn pé: ó ti bàjẹ́ tán, ẹ jẹ́ n kúkú jẹ. Ẹ wo bó ṣe jọ tiwa! Ẹni tó jẹ iyán ìkómọ láàárọ̀ á sọ pé ọjọ́ òní ti lọ, á jẹ ti ọ̀sán, á jẹ ti alẹ́, á dì díẹ̀ lọ sílé. Iyán àárọ̀ yẹn kò ba nǹkan kan jẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ló ń ṣe iṣẹ́ ibi.

Alájọ kì í da owó rẹ padà nítorí pé o kò rí owó san lọ́jọ́ kan. Ó kàn máa fi àpótí yẹn sílẹ̀ lófìfo, ọjọ́ kejì ẹ ó sì máa bá a lọ. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó ń lo káàdì àjọ gan-an fún èyí, ó sì dáa lójú mi ju ìwé ìròyìn aláwọ̀ mèremère lọ. Káàdì náà ní àpótí 31, ọjọ́ tó o bá rìn tó o sì fi ṣíbí wọn òróró, o sàmì sí i. Òfin kan péré ni mo máa fi kún un: kí àpótí méjì má ṣófo tẹ̀ léra wọn. Ní ọdún 2009, Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London gbé ìwádìí jáde lórí ènìyàn 96 tí oníkálukú wọn ń fi ohun kékeré kan kọ́ra lójoojúmọ́, bíi kí ó rìn tàbí kí ó mu omi pẹ̀lú oúnjẹ. Ọjọ́ 66 ló gba ẹni tó bọ́ sí àárín gbùngbùn wọn kó tó di ohun tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀. Ó yá àwọn kan, ọjọ́ 18. Ó pẹ́ fún àwọn mìíràn kọjá 200. Wọ́n sì rí i pé ẹni tó gbàgbé lọ́jọ́ kan kò ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ìyá wa dúró ní ọ̀sẹ̀ keje, ìyẹn nǹkan bí ọjọ́ 49.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, kì í ṣe ìwọ̀n tàbí iyán ló ń dá ọ̀pọ̀ obìnrin wa padà. Ẹnu ni. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá sanra ni wọ́n ń sọ pé ara rẹ̀ dá, pé ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá fọn díẹ̀, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí i: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kí ló dé tí ẹ fi rù báyìí? Ṣé kò sí o?" Ẹlòmíràn á fa á sí kọ̀rọ̀, á ní kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ wò, bóyá àrùn tí wọn kì í dárúkọ yẹn ni. Ìyá ọkọ á ní wọ́n ń fi ebi pa ìyàwó ọmọ òun lójú ayé. Ọkọ náà á bínú, torí wọ́n ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níbi tó ti ń mu sódàbì. Ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn lójoojúmọ́ tí kò ní jẹ iyán?

Ẹ má dúró kí wọ́n tó bèèrè. Kí obìnrin sọ fún ọkọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé: "Ẹ̀yin ìyá mi, dókítà ló ní kí n dín ara kù nítorí ẹ̀jẹ̀ mi tó ga. Bí ẹ bá rí i pé mo ń fọn, ẹ bá mi yọ̀." Ìyá ọkọ tó bá ti gbọ́ báyìí, òun ni yóò máa dá àwọn tó kù lóhùn. Kí ọkọ bá a lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́ náà, ẹ yí kíkí yín padà. Dípò "ẹ ti rù", ẹ lè kí i pé "ẹ kú ìtọ́jú ara". Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ n fi ìyàtọ̀ kan hàn yín. Ẹni tí kò dín oúnjẹ kù tó ń rù fúnra rẹ̀, tó ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tó ń làágùn lóru, tàbí tí òùngbẹ ń gbẹ tó sì ń tọ̀ lemọ́lemọ́, ẹ má kí onítọ̀hún kú ìtọ́jú ara. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Àwọn àgbà wa ní, bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ wẹ̀yìn kí ẹ rí ohun tó gbé yín ṣubú, kí ẹ sì pinnu ohun tí ẹ máa ṣe bó bá tún dé. Kò tó kí èèyàn sọ pé "màá ṣọ́ra". Ẹ sọ ọ́ báyìí: bí wọ́n bá gbé ọtí dídùn wá, omi ni màá gbà. Ìgò sàǹtílítà 33 ní nǹkan bíi gíráàmù ṣúgà 35, ìyẹn hóró ṣúgà mẹ́fà tàbí méje. Bí mo bá ń lọ sí òde, màá jẹ ẹ̀wà díẹ̀ nílé kí ebi má bàa pa mí débẹ̀. Bí wọ́n bá ń di oúnjẹ fún mi, màá gbà á, torí kíkọ̀ ọ́ á bí wọn nínú, màá sì fi fún àwọn ọmọ zémíjàn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀, bí iṣu tuntun bá dé ní oṣù Ògọ́sítì, ẹ jẹ ẹ́. Ẹ kàn jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ju iyán lọ nínú àwo. Ẹ̀yin Mùsùlùmí Àjàṣẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ààwẹ̀ ló ń mú èèyàn sanra nínú Ramadan, ohun dídín ìgbà ìṣínu ni.

Bí ibà bá gbé yín dè, tàbí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yín, ẹ sinmi. Nígbà tí ẹ bá dìde, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì ìrìn tẹ́lẹ̀.

Ẹ má ra tíì àti hóró oògùn tó ń mú ara fọn ní ọjà nítorí pé ìwọ̀n dúró. Èyí tó pọ̀ nínú wọn ń su èèyàn ni tàbí kó máa mú un tọ̀. Omi ló ń lọ, ó sì lè dá ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kú. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà, ẹ má dá a dúró fúnra yín nítorí pé ẹ ti fọn. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tó fẹ́ dín oúnjẹ kù, kó kọ́kọ́ sọ fún àwọn tó fún un ní oògùn, kí ṣúgà má bàa já wálẹ̀ jù, kó má bàa dákú lójú ọ̀nà.

Kí oníkálukú tọ́jú okùn rẹ̀ sí ibi tí eku ò ti ní jẹ ẹ́. Kí akọ̀wé kọ iye sàǹtímítà ẹni tó bá gbà kí wọ́n kọ tirẹ̀, ká má fi agbára gbà á lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Kí àwọn ẹgbẹ́ jíròrò ìbéèrè yìí kí a tó tún pàdé: ọ̀rọ̀ wo ni ẹnì kan sọ sí yín tó mú yín fẹ́ fi í sílẹ̀, kí sì ni ẹ dá a lóhùn? Ẹ fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí rédíò, a óò kà á ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ní wákàtí yìí kan náà. Ó dàárọ̀ o.